Ìjọ wa kéré, abúlé la wà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwàásù, ẹ̀kọ́ ọmọdé àti àárẹ̀ ọkàn

Aránṣọ Òkè-Ògùn:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi nínú Kristi. Abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí ni mo wà. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ń jẹun, èmi sì ni ìjọ fi ṣe olùdarí nígbà tí wọ́n gbé pásítọ̀ wa lọ sí ibòmíràn. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, a kì í ju ogún lọ: àwọn ìyá àgbà, ìyàwó ilé mélòó kan, àti ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò mọ̀wé kà, èmi náà ò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kankan. Bíbélì Yorùbá kan, ìwé orin kan àti fóònù ni irinṣẹ́ mi.

Báwo ni mo ṣe lè máa múra ìwàásù tí n kò fi ní máa sọ ohun kan náà tọ̀sẹ̀ tọ̀sẹ̀? Níbo ni mo ti lè rí ohun èlò lédè Yorùbá? Kí ni mo lè ṣe fún àwọn ọmọdé? Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ mí, mi ò sì fẹ́ kó sú mi.

Bàbá Olùṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Ogún ènìyàn tó jókòó gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ohun kékeré rárá. Jẹ́ kí n dáhùn ti ìwàásù, àwọn yòókù á dáhùn èyí tó kù.

Má máa wá ẹsẹ Bíbélì kiri lálẹ́ Sátidé. Mú ìwé kan ṣoṣo, kí o sì kà á já pẹ̀lú wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti Ìhìnrere Máàkù. Orí 16 péré ni, ìtàn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá ń mú ìdajì orí lọ́sẹ̀, ó máa tó oṣù méje sí mẹ́jọ kí o tó parí rẹ̀, o ò sì ní máa pa dà sórí ohun tí o ti sọ, nítorí ìwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé ọ lọ. Ibi tí kò wù ọ́ láti wàásù lé lórí náà yóò kàn ọ́ dandan, ìyẹn sì dára fún ìwọ àti ìjọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ka ibi tó kàn sókè ketekete nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Tún un kà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá di Ọjọ́rú, bi ara rẹ léèrè: kí ni ibí yìí sọ nípa Ọlọ́run àti nípa Jésù? Kí ló sọ nípa àwa ènìyàn? Kí ló fẹ́ ká gbà gbọ́, tàbí ká ṣe? Lọ́jọ́ Ẹtì, sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ láìwo ìwé. Ibi tó bá ti dá ọ dúró, tó ní "kí lo ní lọ́kàn gan-an?", ibẹ̀ ni kò tíì yé ìwọ alára. Pa dà síbẹ̀.

Wo Máàkù 4 láti ẹsẹ 35. Gbogbo wa la mọ ìtàn ìjì yẹn, síbẹ̀ rọra kà á. Máàkù sọ pé àwọn ọkọ̀ kéékèèké mìíràn wà pẹ̀lú wọn lórí omi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ pé Jésù gbé orí lé ìrọ̀rí, ó sùn ní ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti dákẹ́ ni Máàkù wá sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Bi àwọn ìyá pé, kí ló dé tí ẹ̀rù ń bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ewu ti kọjá? Jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ìyá tó ti sin ọmọ rí yóò sọ ohun tí o ò lè rí nínú ìwé àlàyé Bíbélì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ ẹni tí Jésù í ṣe fún wọn, Ẹni tí afẹ́fẹ́ àti òkun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kí o sì jókòó. Ogún ìṣẹ́jú tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é ní Nehemáyà 8:8: wọ́n kà á, wọ́n sì là á yé àwọn ènìyàn.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi nílùú wa níbí ti ń kọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run láti ọdún 1898, ti ìjọ ECWA ní Ìgbàjà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, sì ti wà láti 1941. Bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣáájú ìjọ yín bóyá ẹ̀kọ́ kúkúrú kan wà tí o lè ṣe láìpa iṣẹ́ rẹ tì. Ṣùgbọ́n má dúró de ìwé ẹ̀rí kí o tó fi Máàkù bọ́ àwọn ènìyàn rẹ.

Ìyá Ẹ̀kọ́ Ọmọdé, Ìlọrin:

Pásítọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè àwọn ọmọ, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kó wọn sí nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, kí wọ́n má baà pariwo.

Ẹ ò nílò àwòrán olówó iyebíye. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì, ẹ kó wọn lọ síta, kí olúkúlùkù ṣa òkúta márùn-ún tó ń dán bí èyí tí Dáfídì ṣà ní odò. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni gíga Gòláyátì nínú 1 Sámúẹ́lì 17. Aránṣọ ni yín, ẹ gbé téèpù yín wá! Ẹ wọ̀n ọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi èédú fa ìlà síbẹ̀: ó sún mọ́ mítà mẹ́ta. Kí ọmọ tó kéré jù lọ wá dúró lábẹ́ ìlà yẹn, kó wo òkè. Títí tí wọ́n á fi dàgbà, wọn ò ní gbàgbé ohun tí Dáfídì sọ ní ẹsẹ 45, pé ní orúkọ Olúwa àwọn ọmọ ogun lòun fi wá.

Ẹ jẹ́ kí àkọ́sórí kan pé oṣù kan. Ẹ sọ ọ́ di orin, kí ọmọ kan lé e, kí àwọn tó kù gbè é. Ọmọ tó ti mọ̀wé kà, ẹ fi í ti ìyá àgbà kan: ọmọ á ka Sáàmù, ìyá á sọ bí Ọlọ́run ṣe mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ láyé òun. Nínú ìjọ wa, èyí ti so ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ ìjọ ju súìtì àti bísíkíìtì lọ. Ẹ tún wo inú ìjọ yín bóyá ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi lédè Yorùbá wà. Ọ̀pọ̀ ìjọ ńlá ló ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, ti ọdún tó kọjá sì wúlò bí ti ọdún yìí, ẹ lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ tó wà nígboro.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mi ò ní fi epo bọyọ̀ sọ. Kí olùkọ́ má ṣe wà lóun nìkan pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kí àgbàlagbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹni yòówù kí olùkọ́ náà jẹ́. Bí ọmọ bá sì sọ pé ẹnìkan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìjọ.

Ajíhìnrere, Iléṣà:

Ẹ̀yin ará, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, ṣùgbọ́n ìsọjí ni abúlé yẹn nílò! Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, ẹ ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, kí gbogbo ìlú gbọ́. Awakọ̀ róólà tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá nígbà tí Ọlọ́run pè é lọ́dún 1928 lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní Ìkejì-Arákejì. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Nígbà tó fi máa di 1930, èrò ń wọ́ wá sí Òkè-Oòyè níbí láti ibi gbogbo. Ọlọ́run tó ṣe é nígbà náà kò yí pa dà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn Ìjọ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Àmín o, bàbá wa. Ọlọ́run kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú (influenza) ń pa àwọn ènìyàn, ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún 12 ni àwọn ẹgbẹ́ àdúrà bẹ́ẹ̀ fi ń pé jọ, tí wọ́n ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, kí Òkè-Oòyè tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí iná sọ, àwọn kan ti ń ṣa igi jọ tipẹ́.

Aránṣọ wa, ọmọ agbègbè tiyín ni Samuel Àjàyí Crowther. Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ́dún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kejì, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone, ibẹ̀ ló ti di onígbàgbọ́. Nígbà tí òun àti Henry Townsend, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, wọn ò rí ogunlọ́gọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́, ìbẹ̀wò àti ìwé kíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1848 kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìyá Crowther fúnra rẹ̀, Àfàlá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi. Ọdún 25 ni ìyá àti ọmọ ò fi fojú kan ara wọn! Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà náà kò di odindi Bíbélì Yorùbá títí di 1884. Bí ẹ bá ṣí Bíbélì yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn lẹ̀ ń kà yẹn.

Nítorí náà, bí Ọlọ́run bá fún yín ní ìsọjí ńlá, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ya owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:20 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: láti ilé dé ilé.

Nọ́ọ̀sì onígbàgbọ́, Ìsẹ́yìn:

Mo fara mọ́ ti ilé dé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí náà mọ̀ pé ní Òkè-Ògùn, Mùsùlùmí àti Kristẹni ló wà nínú agbo ilé kan náà. Bàbá á lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọmọ á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Bí a bá fi gbohùngbohùn bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn tí a fẹ́ wọlé la fi ọwọ́ ara wa tì. Ẹ lọ síbi ìkómọ wọn, ẹ lọ síbi ìsìnkú wọn, ẹ bá wọn yọ̀, ẹ bá wọn sọkún. Bí wọ́n bá wá bèèrè ìdí ìrètí yín, ẹ dáhùn bí 1 Pétérù 3:15 ṣe wí, pẹ̀lú ìwà tútù àti ọ̀wọ̀.

Ní ti àwọn aláìsàn: ẹ bẹ̀ wọ́n wò, ẹ gbàdúrà fún wọn tọkàntọkàn. Ẹ bèèrè pé "Mọ́mì, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí?" Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ torí pé wọ́n gbàdúrà fún un dá a dúró. Mo ti rí ìyá tó dá tirẹ̀ dúró nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un lórí pẹpẹ, apá kan ara rẹ̀ ló rọ. Oníṣègùn ni Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, Kólósè 4:14 pè é ní olùfẹ́. Bí ara aláìsàn bá yá pátápátá, dókítà ni kó sọ pé kó má lo oògùn mọ́, gbogbo wa á sì jọ dúpẹ́.

Akọrin, Ìbàdàn:

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Fún ìjọ tí púpọ̀ wọn ò mọ̀wé kà, ẹ lo orin alélégbè. Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé wa ni wọ́n fi ohùn òyìnbó sí, tí ohùn náà ń lọ sókè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí orin ìjọ lè máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ẹ bi àwọn ìyá yín bóyá wọ́n lè fi ẹsẹ Sáàmù kan dá orin fúnra wọn. Wọ́n lè ṣe é, ẹnu á yà yín.

Ìyàwó Pásítọ̀, Àkúrẹ́:

Àbúrò mi, gbogbo ènìyàn ti dáhùn nípa iṣẹ́, èmi fẹ́ dáhùn nípa ìwọ. O ní ó ń rẹ̀ ọ́. Lọ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì ò kọ́kọ́ bá a wí, kò sì wàásù fún un. Oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ ẹ́, ó tún sùn, ó tún jí jẹun, kó tó dé òkè tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tó débẹ̀ ló tó gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún méje ló kù tí wọn ò kúnlẹ̀ fún Báálì. Mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí o ò ní ránṣọ, tí o ò sì ní ṣe iṣẹ́ ìjọ. Sùn. Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tàbí tí kò sí ohun tó ń wù ọ́ mọ́, lọ rí dókítà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Iṣẹ́ tí ò ń dá ṣe, pín in. Jẹ́tírò sọ fún Mósè ní Ẹ́kísódù 18 pé ohun tó ń ṣe kò dára, yóò rẹ òun àti àwọn ènìyàn náà pátápátá. Ìyá tó mọ àdúrà gbà, fún un ní ìpàdé àdúrà. Ìyá tó ń ta nǹkan láti ojúlé dé ojúlé ti mọ ẹni tó ń ṣàìsàn ṣáájú rẹ, òun ni kó máa darí ìbẹ̀wò. Wá olùṣọ́-àgùntàn àgbà kan tí o ń bọ̀wọ̀ fún, tí o lè pè lórí fóònù kí o sì sọ òtítọ́ ọkàn rẹ fún un. Má sì sọ ìyàwó rẹ di ọmọ ọ̀dọ̀ ìjọ. Ọkọ ni ó fẹ́, kó tó di pé ìjọ fi ọ́ ṣe olùdarí.

Owó: kí ènìyàn méjì máa ka ọrẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí o sì kà á fún ìjọ ní òpin oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Kí owó ìjọ má wọ inú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ láé. Má fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní kò bá iṣẹ́ Ọlọ́run mu. Pọ́ọ̀lù àti Àkúílà jọ ń pàgọ́ ní Kọ́ríńtì, Ìṣe 18:3, ó sì ń wàásù.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ní Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bèèrè ohun èlò: áàpù YouVersion lórí fóònù yín ní Bíbélì Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Áàpù Bible.is ti àjọ Faith Comes By Hearing ní èyí tí wọ́n ń kà sétí. Ẹ gbà á sórí fóònù nígbà tí ẹ bá wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, lẹ́yìn náà ẹ lè máa gbọ́ ọ láìsí dátà.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ti rìnrìn àjò, ẹ dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ta: ẹsẹ Bíbélì tí ẹ kà, àti orúkọ àwọn tí ẹ gbàdúrà fún. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá ń wá owó òrùlé nìkan ni wọ́n ń gbọ́ yín. Mo sì fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín. Àwọn ọmọ wa níbí ń kọ orin Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ kò yé wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kan ka Sáàmù 23 lórí sínú fóònù, pẹ̀lú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, kí ẹ fi ránṣẹ́. Èmi á fi kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Aránṣọ Òkè-Ògùn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Olúwa á san án fún yín. Máàkù 1 la máa fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti bá àwọn ìyá méjì sọ̀rọ̀ nípa ọrẹ kíkà. Àwọn ìyá tí kò ní fóònù ńkọ́? Rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mórì ni wọ́n ní. Ọmọbìnrin kan wà tó mọ Bíbélì kà dáadáa, ṣé mo lè jẹ́ kó ka Máàkù sínú fóònù, kí n wá dà á sórí mẹ́mórì fún wọn?

Ará Ṣakí:

Ó ṣeé ṣe, ohun tí a ṣe fún ìyá tèmi nìyẹn. Kí ó ka orí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi nọ́ńbà orí náà pe orúkọ fáìlì rẹ̀, kí rédíò lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: 01, 02, títí dé 16. Bí ẹ bá kọ 1 láìfi òdo síwájú, rédíò mìíràn á fo láti orí kìíní bọ́ sí orí kẹwàá. Kí ó dákẹ́ díẹ̀ ní òpin ìtàn kọ̀ọ̀kan. Inú mọ́tò tí wọ́n gbé gíláàsì rẹ̀ sókè dákẹ́ ju inú yàrá lọ, ẹ tọrọ ti ẹnìkan. Mo ní kọ̀ǹpútà níbí, ẹ kó àwọn mẹ́mórì náà wá bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́jà, èmi á bá yín dà á sórí gbogbo wọn, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ kí n júwe ibi tí mo wà.